Irin Tó Pọ̀ Jù Lórí Katakata Ẹ̀gbọ́n

Ohun tí wẹ́dà yìí bá fi ọwọ́ ṣe kì í kán. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò, wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dá yín lóhùn. Ó ṣe géètì kan fún ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ènìyàn méjì ló ń tì í kó tó ṣí láràárọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ara rẹ̀ nígbà tó gbéyàwó, ibi tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà sí lọ́jọ́ náà ló sì wà títí dòní, nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣún un. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyàwó rẹ̀ ti ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ká. Bí ẹ bá ní kó fi irin kan gbé àga yín ró, méjì ló máa fi sí i, á káwọ́ sẹ́yìn, á wò ó lọ wò ó bọ̀, á sì fi ẹ̀kẹta ti méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àfikún. Orúkọ náà kò bí i nínú rárá. Ó tiẹ̀ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí pátákó òkè ṣọ́ọ̀bù, pátákó tí kò ju ìbú apá kan lọ, irin mẹ́fà ló sì gbé e ró.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún kò tóbi. Yàrá kan ni, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, páànù ló wà lókè. Ẹ̀rọ ìjórin wà lápá òsì, tábìlì irin wà láàárín, àwọn irin gígùn àti kúkúrú sì fẹ̀yìn ti ògiri bí wọ́n ṣe ga tẹ̀léra wọn. Ara ògiri náà ló máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìwọ̀n gbogbo ohun tó bá ń ṣe sí, kì í sì í pa á rẹ́, torí náà ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè mọ bí fèrèsé gbogbo àdúgbò ṣe fẹ̀ tó láìkúrò lójú kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, orí kunkun rẹ̀ sì kọjá ohun tí ìyàwó rẹ̀ rò nígbà tó ń fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní Ìyá Katakata. Ọdún mẹ́fà ló fi ju Àfikún lọ, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Oko rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, ìrìn ogún ìṣẹ́jú lórí kẹ̀kẹ́. Màlúù mẹ́rìnlá ló ní níbẹ̀, ó ń gbin àgbàdo, ó sì ní katakata àtijọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú rà ní àlòkù nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọ̀dà ara katakata náà ti ṣí kúrò débi pé àríyànjiyàn wà lórí pé ṣé pupa ni tẹ́lẹ̀ ni àbí àwọ̀ ọsàn. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Katakata bá tàn án, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa dáhùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò tuntun ńkọ́?

Ọdún tó kọjá ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́. Àpò àgbàdo kan ló ń bọ́ láti òkè, ó ní kí òun gbá a mú, iṣan èjìká sì ya. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí jẹ́ nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn kan nígboro, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ ọwọ́ náà wò. Ó ní tí ìyá òun bá tún fi èjìká yẹn gbé ẹrù, ọwọ́ náà á kàn máa rọ̀ dirodiro lára rẹ̀ ni títí ayé. Ó ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé rẹ̀, ó kun ún, ó fi kọ́tìnnì sí i. Ọmọ dáadáa ni, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣe é re.

Ìyá Katakata kò fẹ́ lọ. Kò fi bò rárá, ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó sunkún, ó ní kí ni òun fẹ́ máa ṣe láàárọ̀ nínú ilé tí kò sí ohun tó ń dúró de òun. Bí wọ́n ṣe dá májẹ̀mú nìyẹn. Ọmọ náà ní òun á wá lọ́jọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó máa bẹ̀rẹ̀ òjò. Bí òun bá rí i pé ìyá òun lè kó àjílẹ̀ kúrò nílé màlúù, tó sì lè gbé àpò láìfi èjìká ṣe é, kó dúró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ta màlúù, wọ́n á ta katakata, á sì kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀ lé òun. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù.

Ohun tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lódà: apá irin méjì tí jáàkì olóìlì ń tì sókè, pẹ̀lú ṣọ́bìrì ńlá níwájú wọn. Ìyá Katakata wá a títí, ó rí ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, wọ́n tú u lára katakata mìíràn tó tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n bá òun kó o lọ sóko, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ lọ tààrà. Àwọn mìíràn wà nílùú tó mọ iṣẹ́ katakata jù ú lọ, Àfikún fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Mo mọ̀. Ìwọ lo máa ṣe é."

Àfikún pa ṣọ́ọ̀bù tì, ó di ẹ̀rọ ìjórin àti jẹnẹrétọ̀ lé ọkọ̀, ó lọ kó wọn kalẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé màlúù. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wọn nǹkan, kò jó irin kankan. Katakata yìí kò ní ṣáásì lábẹ́ bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì, ilé jíà àti ásù ẹ̀yìn tó gbé táyà ńlá méjèèjì, wọ́n kàn fi bóòtì so wọ́n mọ́ra ni, àwọn fúnra wọn sì ni egungun rẹ̀. Ẹni tó bá so lódà mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì nìkan, gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹrù ló ń gbìyànjú láti ṣẹ́ katakata náà sí méjì níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà. Àfikún mọ ìyẹn. Ó tún mọ̀ pé irin tí wọ́n fi ṣe ilé jíà jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà, téèyàn bá jó nǹkan mọ́ ọn, ó máa là bó bá ti tutù. Torí náà kò fi iná kàn án. Ó na irin gbọọrọ méjì gba abẹ́ katakata láti iwájú dé ásù ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ̀yìn lè bá iwájú gbé e, ihò bóòtì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì lò. Iṣẹ́ náà mọ́, ó gún. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti parí, a ò bá sì ti lọ sílé oníkálukú wa.

Ṣùgbọ́n Àfikún ni. Ó wo apá lódà, ó ní wọ́n fẹ́lẹ́, ó sì fi péléètì, irin pẹlẹbẹ, bò wọ́n látòkè délẹ̀. Ó wo péléètì náà, ó tún fi òmíràn lé e. Ó fi irin tó nípọn dábùú apá méjèèjì, ó wá rò ó pé ọ̀kan kò tó, ó sọ ọ́ di mẹ́rin. Ó mú irin ńlá kan di etí ṣọ́bìrì, ó fi mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbé omi wá fún un lọ́sàn-án, á bi í pé ṣé kò tíì tó, á ní ó ku ẹyọ kan. Ó ku ẹyọ kan yìí gba odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó tán, kò sí ibì kankan lára lódà ọ̀hún tí ìka lè wọ̀ láàárín irin sí irin. Inú rẹ̀ dùn dénú egungun.

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, Ìyá Katakata wé gèlè mọ́rí bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé àlejò. Ó gun orí ìjókòó, ó tàn án, ó wọnú àjílẹ̀, ó bù ú kún. Apá méjèèjì gbéra nílẹ̀ wẹ́rẹ́, kò gbọ̀n, kò dún. Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn wo àbúrò rẹ̀, ẹ̀rín sì gba gbogbo ẹnu rẹ̀, ó ti pẹ́ tí Àfikún ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó wá ní kí òun yí i gba ọ̀nà oko. Sítíárìn kò yí.

Katakata àtijọ́ ni, kò sí nǹkan kan tó ń ran ọwọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, agbára apá ẹni tó jókòó síbẹ̀ nìkan ló ń yí ẹsẹ̀ iwájú. Táyà iwájú méjèèjì ti tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì fà á, ó kọ̀. Ó fi ọ̀tún kún un, ojú rẹ̀ sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Katakata ń lọ ganran níwájú, ó kù díẹ̀ kó wọ táńkì omi àwọn màlúù kó tó rántí tẹ bíréèkì. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tó gbé mọ́ àyà, ó wọlé lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àfikún gun orí katakata fúnra rẹ̀. Apá tó ti ń gbé irin láti ọdún gbọọrọ, ó fi méjèèjì dì í mú, ó fẹsẹ̀ ta, tipátipá ni sítíárìn fi yí bí ìbú ọwọ́ kan. Lódà tó yẹ kó gba èjìká obìnrin náà sílẹ̀, èjìká yẹn gan-an ló ń béèrè.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti fi nǹkan kún un. Ó lọ sílé, ó mú irin roboto kan, ó ká a, ó ṣe sítíárìn tuntun tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí ó lè rọrùn láti fà. Ó rọrùn díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Katakata fẹ́ jókòó, sítíárìn ọ̀hún ti gba ibi tí ikùn yẹ kó wà. Ìyàwó Àfikún, tó bá wọn dé oko lọ́jọ́ náà, ní ó ku kó fi irin kún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Àfikún kò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó yìí kan náà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wọn gbogbo ohun tó fi kún un. Ó ti jó wọn mọ́ra, kò lè tú wọn wọ̀n, torí náà ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ka àlàfo tó wà nídìí ògiri níbi tó ti mú irin, ó mú àjẹkù irin kọ̀ọ̀kan gbé sórí òṣùwọ̀n àgbàdo tó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè mọ bí irú rẹ̀ ṣe wúwo tó, ó wá ṣírò rẹ̀ sára ògiri. Ìyàwó bá a kà á lẹ́ẹ̀kejì kó má bàa jẹ́ àṣìṣe. Àpò àgbàdo mẹ́ta àti àbọ̀. Ohun tó fi kún lódà yẹn lásán nìyẹn, láìtíì bu ẹ̀kún ọwọ́ kan àjílẹ̀. Ó ti gbé àpò mẹ́ta àti àbọ̀ lé iwájú katakata, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun tí kò lè gbé ẹyọ kan máa fi ọwọ́ yí i kiri.

Ó mọ ohun tó kù láti ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí ọmọ nọ́ọ̀sì dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ẹ̀rọ ìgérin, ó wọ awò, ó dúró ti apá lódà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà á láti tẹ ẹ̀rọ náà. Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún gbé e. Ó lọ mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ará àdúgbò tó ń fi orúkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lẹ́ni ọdún méjìlélógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó ṣe ìkọ́ tí katakata yìí fi máa ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó ṣe é, ó dára lójú, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé kò lè já. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kó àgbàdo bọ̀ láti oko, ìkọ́ náà já lórí òkè. Kẹ̀kẹ́ ẹrù fẹ̀yìn rìn wá sílẹ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ló há mọ́ ara ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì fọ́ yángá. Ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, wà lórí katakata lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń wà á, ó sì rí gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà kò kú. Ó tiro títí ayé rẹ̀, àìsàn mìíràn ló pa á lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún. Kò bá Àfikún jà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà, kò sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ ìkọ́ náà sílẹ̀ rí nínú ẹbí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹ̀kẹta ti méjèèjì.

Ẹ̀rù ló ń bà á, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Irin kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ gé yẹn, lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan ló ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù, ó ń fi ọwọ́ òsì fọ́n koríko fún màlúù, ó ń pè wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé obìnrin náà ti ń kí wọn pé ó dàbọ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, iná sì ta.

Ó gé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bó péléètì kejì kúrò, ó gé èyí àkọ́kọ́ kù sí ibi tí apá ti máa ń tẹ̀ nìkan. Nínú irin mẹ́rin tó dábùú, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù. Ó gé ṣọ́bìrì náà fúnra rẹ̀ níbùú, ó mú ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò, nítorí ṣọ́bìrì katakata ńlá ni, ẹni tó bá ní ṣọ́bìrì ńlá kò ní yé bù ú kún. Àwọn irin tó gé jọ gegele lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà, ó sì ń fi ẹ̀yìn sí wọn tó bá ń jẹun kó má bàa rí wọn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìyókù ṣe. Ó fa gíríìsì sí gbogbo oríkèé ẹsẹ̀ iwájú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà títí wọ́n fi le. Ó po kọnkéré sínú àgbá epo òfìfo, ó jẹ́ kó gan, ó sì so ó kọ́ ẹ̀yìn katakata, kí ẹ̀yìn tó wúwo lè máa fa iwájú sókè díẹ̀ kúrò lórí táyà. Èyí yà á lẹ́nu jù: àgbá kan ṣoṣo yìí, tí kò sí lára lódà rárá, ló mú kí sítíárìn rọ̀ ju gbogbo ohun tó gé lọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó ṣáá.

Ohun tó kẹ́yìn ló ṣòro fún un jù. Níbi tí irin kan ti di ṣọ́bìrì mú lẹ́yìn, ó yọ bóòtì tó nípọn tó wà níbẹ̀, ó fi èyí tó rọ̀, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, bóòtì yẹn ló máa kọ́kọ́ já, ṣọ́bìrì á dorí kodò, á da ẹrù sílẹ̀ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni katakata kò ní ṣẹ́ láàárín, nǹkan kan kò sì ní wó lu ẹni tó jókòó. Ó kun ún ní ọ̀dà funfun kó hàn. Láyé rẹ̀, kò tíì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó máa já rí. Ó ṣe é tán, ó lọ sílé.

Sátidé dé. Ọmọ nọ́ọ̀sì dé láago mẹ́sàn-án àárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀, kò jókòó. Ó tẹ èjìká ìyá rẹ̀ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní ó dáa kó gun orí katakata. Ìyá Katakata tàn án. Ó bu àjílẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi ọwọ́ òsì yí sítíárìn, ó yí táńkì omi ká, ó gba ọ̀nà oko lọ, ó da á sílẹ̀, ó padà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó fi àpò àgbàdo méjì sínú ṣọ́bìrì láti orí pèpéle, ìyẹn láìgbé wọn, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ tì wọ́n bọ́ síbẹ̀, ó sì kó wọn dé ẹnu abà. Ọmọ náà gun orí katakata, òun náà yí i wò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó rìn yí lódà náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Àfikún ti mọ ohun tó fẹ́ bi òun kó tó lanu.

"Bàbá, ṣé kò ní kán?"

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Ìyá Katakata tó ṣì jókòó lórí katakata pa ẹ́ńjìnnì. Àfikún mọ ìdáhùn tó máa jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun dúró sóko, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ó lè kán." Ó fi ìka kan bóòtì funfun náà. "Tó bá máa kán, ibí ló ti máa kán. Kí ìyá rẹ máa wò ó láràárọ̀ kó tó jókòó. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ìkọ́ yẹn kò lè já, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ìwọ."

Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ó jọ pé ó ti tán nìyẹn, yàrá tó ní kọ́tìnnì ló kù. Àfikún ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òótọ́ tí kò sọ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òní ló wá yàn láti sọ ọ́.

Ìyá Katakata ló gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀, kò sì wo ẹnì kankan lójú. "Ogún àpò ni ọkọ mi ní ká dì sínú kẹ̀kẹ́ yẹn. Òjò ti ṣú, mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi ni mo ní kí wọ́n dì í dé méjìdínlọ́gbọ̀n." Ó di sítíárìn mú. "Mò ń wò ọ́ bó o ṣe ń fi irin kún irin láti ìgbà yẹn, àbúrò mi, mi ò lè lanu."

Inú kọ́kọ́ bí Àfikún. Ká má purọ́ fúnra wa, inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé màlúù, ó dúró níbẹ̀, ó gbá ara òpó mú. Ó ronú kan gbogbo ọdún yẹn. Ó ronú kan obìnrin náà pẹ̀lú, tó ń fi oúnjẹ fún ọkọ tó ń tiro lójoojúmọ́ fún ọdún méjìdínlógún, tó mọ ohun tó mọ̀, tí kò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Àánú rẹ̀ ṣe é, ìbínú náà kò sì tán. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń fi etí ìró nu ojú, ọmọ nọ́ọ̀sì sì dúró láàárín wọn, ó fi ọwọ́ lé orúnkún ìyá rẹ̀.

Ọmọ náà bi Àfikún pé ibo ni kí ẹrù dé nínú ṣọ́bìrì kí bóòtì yẹn má bàa já. Àfikún wá ẹfun nínú àpò rẹ̀, ó wọn inú ṣọ́bìrì, ó fa ìlà tààrà síbẹ̀. Ìyá Katakata sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ẹfun náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó sì fa ìlà mìíràn sísàlẹ̀ èyí, ìbú ọwọ́ kan ló wà láàárín wọn.

Ọmọ rẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Màámi, ẹ dúró sóko yín."

Ìyá Katakata gun orí katakata, ó tàn án, ó wọnú àjílẹ̀. Ó bù ú, ó na ọrùn wò ó, ó ti kọjá ìlà kejì. Ó da díẹ̀ padà sílẹ̀, ó tún wò ó, ó sì yí sítíárìn gba ọ̀nà oko lọ.